Séèfù Tí O Ní Kí N Rà fún Ìbọn Rẹ

Mukáílà, jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí. Má kà á lórí ìdúró, má sì kà á níwájú àwọn tó ń pè ọ́ ní máníjà. Èmi ìyá rẹ ni mo kọ ọ́, nínú yàrá wa ní Karantínà, ní Jẹ́dà, pẹ̀lú ọwọ́ mi tí ọṣẹ ti bó. Kò sẹ́ni tó bá mi kọ ọ́. O mọ̀ pé mi ò lọ sílé ìwé, ara mi ni mo kọ́ ní kíkọ àti kíkà, nítorí náà tí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, gbójú fò ó. Ibi tí o bá ti rí i pé mo bú ọ, má gbójú fò ó, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ó ti rẹ̀ mí. Hájì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. A ti kó kúrò ní Mínà, mo sì ti fọ gbogbo aṣọ ìbùsùn ilé kan tí àwọn àlàájì dé sí ní Asisíyà, ní Mẹ́kà lọ́hùn-ún. Orúnkún mi ò fẹ́ gbọ́ tèmi mọ́. Àmọ́ ìyẹn, tí mo bá sùn, á lọ. Èyí tí ìwọ gbé lé mi lórí yìí, mo sùn, mo jí, ó ṣì wà níbẹ̀.

Àlàájì Búsàrí tó wá ṣe Hájì mú lẹ́tà rẹ dé. O kí mi dáadáa. O ní ilé-iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ti fi ọ́ ṣe máníjà ní Ìlọrin, pé ìwọ lò ń lọ gba owó oṣù àwọn lébìrà ní báńkì, pé olè pọ̀, pé wọ́n ti bá ọ gba láísẹ́ńsì, o sì ti ní ìbọn ìléwọ́. O wá ní kí n bá ọ ra séèfù kékeré kan tí o máa tọ́jú ìbọn náà sí nílé, èyí tí èèyàn lè ṣí wéré tí olè bá kanlẹ̀kùn, nítorí pé kò sí ohun tí èèyàn ò lè rí rà ní Jẹ́dà báyìí. Òótọ́ ni. Owó epo ti jẹ́ kí wọ́n máa kó ẹrù dà sílẹ̀ ní èbúté bí ẹni ń da ilẹ̀ nù. Mo dúpẹ́ fún iṣẹ́ tuntun. Mo ti dárúkọ rẹ ní Mẹ́kà, mo ti sunkún síbẹ̀ nítorí rẹ. Ọlọ́run á fi ọ́ sílẹ̀ fún wa.

Ṣùgbọ́n Mukáílà, o kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí ìbọn, o ò dárúkọ Rófíátù. Ọmọ ọdún mẹ́rin ń bẹ nínú ilé, kò sí orúkọ rẹ̀ níbì kankan. Ìyàwó rẹ ló jẹ́ kí n gbọ́ nípa rẹ̀. Sìdíkátù fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ nínú ẹrù Àlàájì kan náà. Má bá a jà, èmi ni mo ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ kí n lè máa gbọ́ ohùn ọmọ ọmọ mi. Mo yá réédíò, mo tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà kí mi. Ó ka Fátíhà, ó fo ibì kan, ó tún padà síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Sọ nǹkan míì fún Ìyá Jẹ́dà." Ó ní, "Ìyá Jẹ́dà, mo mọ ibi tí dádì mi ń fi ìbọn wọn sí. Abẹ́ tìmùtìmù ni. Ó tutù."

Ó tutù. Ṣé o gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ wí? Ta ló ń mọ̀ pé nǹkan tutù láìfọwọ́ kàn án?

Mo pa réédíò. Àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ń pè mí, "Àlàájà, kí ló dé? Ṣé wọ́n kú ni?" Mo ní wọn ò tíì kú.

Nítorí náà kó yé ọ: séèfù tí mo rà yìí, kì í ṣe nítorí olè rẹ ni mo ṣe rà á. Nítorí Rófíátù ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù nínú lẹ́tà yìí, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Àti pé lónìí, kí o tó sùn, gbé ìbọn náà kúrò lábẹ́ tìmùtìmù, kó lọ sùn nínú séèfù ńlá ti ọ́fíìsì yín. Mi ò bẹ̀ ọ́ o. Mo ní kí o gbé e.

Èkíní, kí n kọ́kọ́ bá ọ jà lórí àwòrán. O gbé ìbọn lé orí bébà, o fi pẹ́ńsù fà á yíká kí n lè mọ bí séèfù ṣe máa tóbi tó, o ká a sínú lẹ́tà, o fún àgbàlagbà tó ń lọ sí ilé Ọlọ́run. Tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bá tú u ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, kí ni Àlàájì Búsàrí fẹ́ sọ? Pé bàtà ọmọ ni? Ta sì lo fi ránṣẹ́ sí? Èmi tí mi ò ní ìkámà, tí mi ò ní ìwé ìgbélùú kankan, tó jẹ́ pé tí mo bá rí mọ́tò ọlọ́pàá lókèèrè, ńṣe ni mo ń yà sí ilé onílé. O lọ sí yunifásítì o, Mukáílà! Gbogbo aṣọ tí mo fọ̀ ló gbé ọ dé ibẹ̀, ibi tí ọgbọ́n rẹ wá parí sí nìyẹn.

Mo mú ọṣẹ gígùn kan, mo gé e kó gùn tó àwòrán rẹ, kó sì fẹ̀ tó o, mo wá fi àwòrán náà dáná. Ọṣẹ yẹn ni mo gbé sínú báàgì lọ sọ́jà. Ìwọ náà, tí o bá fẹ́ wọn nǹkan lọ́jọ́ mìíràn, fi ọṣẹ wọ̀n ọ́n.

Mo wọ ìsọ̀ bàbá kan, ará Yémẹ̀n, tó ń ta kọ́kọ́rọ́ àti àpótí irin. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Yà hájjà, ọ̀gá rẹ ló rán ọ?"

Mo ní, "Ọmọ mi ni."

"Wúrà ló fẹ́ kó sí i?"

Mo yọ ọṣẹ jáde, mo ní kó mú èyí tó máa gba nǹkan yìí wá, kó sì ku àyè díẹ̀. Bàbá náà wo ọṣẹ, ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ké sí ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì: "Wá wò ó o! Àwọn Tàkúrúnì ti lówó débi tí wọ́n ń ti ọṣẹ mọ́ inú séèfù!" Tàkúrúnì ni wọ́n ń pe àwa tí a ti ilẹ̀ ènìyàn dúdú wá.

Mo ní, "Yà ámmì, ọṣẹ yìí dára fún fífọ ẹnu. Ṣé kí n gé díẹ̀ fún ọ?"

Ẹni kejì ló wá ń rẹ́rìn-ín. Bàbá náà ní, "Wàláhì, ẹnu rẹ mú ju ọjà mi lọ. Jókòó." Ó gbé mẹ́ta síwájú mi. Ohun tí mo rí lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fẹ́ sọ fún ọ, kí o má bàa rò pé ojú ẹwà ni mo fi yàn án.

Èkíní jẹ́ oníkọ́kọ́rọ́. Mo ní kó gbé e kúrò. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ sùn síbì kan, ibi tó bá sì sùn sí, ọmọdé á mọ̀ ọ́n. Gbogbo àwa tí a wà nínú yàrá yìí la ní àpótí páànù, gbogbo wa la so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn bíi tírà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ìṣó tí oníkálukú ń so tiẹ̀ kọ́ tó bá fẹ́ wẹ̀. Ìwọ, ibo lo fẹ́ fi tìrẹ sí? Orí kọ́bọ́ọ̀dù? Inú agolo mílíìkì? Rófíátù á ti mọ̀ ọ́n kí o tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Tí olè bá sì dé, wàá máa tú yàrá kiri bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

O lè ní o máa fi í pamọ́ dáadáa. Èmi ni kí o bi nípa ìfipamọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá ṣe Hájì, tí mo ṣì kéré, tí mo rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́n tó mi, mo tú ẹ̀gbẹ́ tìmùtìmù tí mo ń sùn lé ní Asisíyà, mo ki pásípọ́ọ̀tù mi bọ̀ ọ́, mo rán an padà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo lọ sí Mínà, kí n tó padà dé, wọ́n ti kó gbogbo tìmùtìmù ilé náà dà sínú tírélà, wọ́n ti kó tuntun wọlé fún àwọn tó ń bọ̀. Bí ìyá rẹ ṣe di ará Jẹ́dà láìní ìwé nìyẹn. O máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò wálé. Ó dára, ìdáhùn nìyẹn. Mo fi í pamọ́, mi ò tì í. Ohun tí o fi pamọ́, ẹni tí kò tiẹ̀ wá a lè rí i, ó sì lè gbé e lọ láìmọ̀ pé òun gbé nǹkan. Abẹ́ tìmùtìmù ìwọ náà nìyẹn. O jogún mi.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń yí bíi réédíò, o yí i sọ́tùn-ún, o yí i sósì, o tún padà. Mo gbìyànjú ẹ̀. Mo yí i títí ọrùn ọwọ́ fi ń dùn mí, kò ṣí. Bàbá náà ní àfi kí n lọ mú awò ojú. Tí olè bá wọlé, ṣé o máa ní kó fìdí lé àga títí o fi máa yí i tán? Èyí tó tún burú jù níbẹ̀ ni pé mo mọ̀ ọ́. Tó bá ti sú ọ láti máa yí i, wàá kàn ti ilẹ̀kùn ẹ̀ dè, o ò ní yí i mọ́. Séèfù tí ṣíṣí rẹ̀ ń ni èèyàn lára, ojoojúmọ́ ló máa wà ní ṣíṣí.

Ẹ̀kẹta oníbọ́tìnnì ni, ó lo báàtìrì, ó ní nọ́ńbà lára láti oódo dé mẹ́sàn-án, bíi tẹlifóònù tó ń dé báyìí. Bàbá náà ní òun ni wọ́n ń rà jù. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo ní kó gbé e kúrò ní ojú mi.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Mi ò sọ fún ọ rí.

Ilé kan wà ní Jẹ́dà níbí tí mo ti ń fọṣọ, tí mo ń lọ̀ ọ́. Símẹ́ǹtì ni baálé ilé náà ń tà, Abù Háníì là ń pè é, ìyẹn bàbá Háníì. Ọmọ ọdún méje ni Háníì, ọmọ tó lójú lórí, tó máa ń bá mi ká aṣọ. Bàbá rẹ̀ ní ìbọn ìléwọ́ bíi tìrẹ, ó ra séèfù oníbáàtìrì, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá. Gbogbo àlejò ló ń fi hàn. Á ní, "Nọ́ńbà yìí, ìyá tó bí mi ò mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ kan mo ń lọṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tí séèfù ń dún, tíì, tíì, tíì. Mo rò pé Abù Háníì ló wọlé. Mo kó aṣọ tí mo ti lọ̀, mo gbé e wọ yàrá. Háníì ni mo bá níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbọn mú, ó dojú rẹ̀ kọ ikùn mi. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àná áskárì." Òun ni sójà.

Mi ò pariwo, torí tí mo bá pariwo, ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n. Mo kàn ní, "Irú sójà wo lèyí tí kò wọ bàtà? Ọ̀gá rẹ á lé ọ dànù." Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ojú tì í. Ó gbé ìbọn sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sáré lọ wá bàtà. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sílẹ̀ láàárín aṣọ tí mo ti lọ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé tó gba ìbọn, mo pe ọmọ náà. Mo ní, "Háníì, ta ló sọ nọ́ńbà yẹn fún ọ?"

"Kò sẹ́ni."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ ọ́n?"

Ó wò mí bí ìgbà tí mo bi í bóyá omi ń tutù. Ó na ìka rẹ̀: "Àsùbáà méjì, Àílà mẹ́rin, Àlàásárì mẹ́rin, Màgàríbì mẹ́ta, Ìṣáì mẹ́rin. Bàbá mi ní nọ́ńbà tí Mùsùlùmí kan ò lè gbàgbé ni òun lò."

Ṣé o gbọ́? Iye ráká ìrun máràrùn-ún. Méjì, mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ ní ilé kéwú ni ọkùnrin náà fi ti ìbọn.

Bàbá rẹ̀ dé, wọ́n sọ fún un, kí lo rò pé ó ṣe? Èmi ló kọjú sí. "Ìwọ lo wà nílé! Ìwọ lo jẹ́ kó débẹ̀! Ìwọ lo kọ́ ọ!"

Mo ní, "Abù Háníì, ìwọ lo kọ́ ọ. O kọ́ ọmọ ní ìrun, o ṣe dáadáa. O wá fi ìrun kan náà ṣe kọ́kọ́rọ́ ìbọn, o sì ń yangàn lójú ẹ̀. Èmi, aṣọ ni mo fọ̀."

Ó ní kí n jáde nílé òun. Mo jáde. Ìyá Háníì ń sunkún tẹ̀lé mi dé ẹnu géètì, ó ń pè mí ní arábìnrin òun, àmọ́ kò sọ ohun kan lójú ọkọ rẹ̀. Mi ò bá a jà. Obìnrin tó ń dákẹ́ báyẹn ń bẹ nílé ìwọ náà.

Má fi Lárúbáwá rẹ́rìn-ín o. Àwa náà ńkọ́? Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún Àlàájì Búsàrí níbí lọ́jọ́ tó mú lẹ́tà rẹ dé, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí sílẹ̀. Ó ní, "Àwọn ará ibí ò gbọ́n, Àlàájà. Owó kàn bá wọn lójijì ni." Báàgì rẹ̀ tó ń fi nọ́ńbà mẹ́ta ṣí wà lórí itan rẹ̀. Mo ní, "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá." Mo yí i sí oódo, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án. Ó ṣí pàà! Àwọn ṣòkòtò rẹ̀ wà níbẹ̀.

"Lá ìláhà! Àlàájà, ta ló sọ fún yín?"

"Orúkọ Ọlọ́run mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni. Ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn rí ẹni tí kò lò ó nínú gbogbo yín tẹ́ ẹ jọ wá."

Ó pa báàgì dé, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìwọ náà, mo mọ ohun tí o máa tẹ̀. Tí kò bá jẹ́ iye ráká, á jẹ́ ọdún tí o gbéyàwó, tàbí nọ́ńbà mọ́tò rẹ tí Rófíátù ti ń kà sókè láti ọjọ́ tó ti mọ nọ́ńbà. Nítorí náà mo gba nọ́ńbà kúrò lọ́wọ́ rẹ pátápátá. Mo ní kí bàbá Yémẹ̀n wá inú ìsọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó rojọ́, ó gun àga, ó gbé ẹ̀kẹrin sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eruku. Òun ni mo rà, òun ni Àlàájì Búsàrí ń gbé bọ̀ fún ọ.

Bọ́tìnnì márùn-ún péré ló wà lára ẹ̀. Kò sí nọ́ńbà kankan lórí wọn. Kò lo báàtìrì, kò lo iná, torí mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni iná ń wá lọ́dọ̀ yín. Bọ́tìnnì kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣeé tẹ̀, nítorí náà kò sí bí wàá ṣe fi ráká sí i, mẹ́rin ò lè tẹ̀lé mẹ́rin. Ó ṣeé ṣe kí o tẹ méjì pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí o tẹ ẹyọ kan. Ìka ló máa mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú, kì í ṣe ẹnu. Mo di ojú mi nínú ìsọ̀ yẹn, mo ṣí i kí bàbá náà tó sọ pé "bísímílà" tán. Bí o ṣe fẹ́ kó yá nìyẹn. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, dúró sí iwájú ẹ̀ kí àyà rẹ bo ọwọ́ rẹ. Bọ́tìnnì tí èèyàn ń tẹ̀ jù máa ń dán ju ìyókù lọ, ọmọ tó lójú sì máa rí i, nítorí náà máa fi aṣọ nù wọ́n, kí o sì máa yí bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ padà láti ìgbà dé ìgbà. Bí wọ́n ṣe ń ṣí i àti bí wọ́n ṣe ń yí i, mo ti fi han Àlàájì Búsàrí. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Títẹ̀ tó bá ọjà wá náà, má lò ó ju ọjọ́ kan lọ.

Èkejì, tàbí ibi yòówù tí mo bá kà á dé: má gbé e sílẹ̀ lásán. Séèfù kékeré ni. Olè tí kò lè ṣí i máa gbé e ni, á wá di pé ìwọ lo bá a tọ́jú ìbọn sínú àpótí. Mo rí i ní Asisíyà níbi tí mo ti ń fọṣọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé ní àpótí irin tó ń kó nǹkan àwọn àlàájì sí, kò dè é mọ́ nǹkan kan. Ọkùnrin méjì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, wọ́n gbé e bí ẹni gbé aláìsàn, wọ́n ń ké, "Ẹ yàgò, ẹ jọ̀ọ́, ara rẹ̀ ò yá!" Àwọn èèyàn ń yà lọ́nà, wọ́n ń ṣàdúrà fún àpótí. Èmi gan-an wí pé kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà. Ihò mẹ́rin wà lẹ́yìn tìrẹ, mo ti fi bóòtù ẹ̀ sínú ọ̀rá. Pe bíríkìlà, kó lu ògiri símẹ́ǹtì, kì í ṣe ti pákó, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n lè fà ya, kó so ó láti inú, kó ga dé ibi àyà rẹ. Ọmọ tó bá ń gun àga kó tó dé ibẹ̀, ìyá rẹ̀ á gbọ́ ariwo àga.

Ọta ìbọn ò gbọ́dọ̀ kó káàkiri nínú dúrọ́ọ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀kan níta. Mo gbọ́ pé o yọ ìbọn náà han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kan, tí ẹ ń gbà á lọ́wọ́ ara yín bí ẹni ń gba obì. Ojú ò tì ọ́? Ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó gba ọlọ́pàá méjì tí wọ́n á máa sìn ọ́ lọ báńkì, wọ́n rí i pé ìbọn kan dín owó kù ju ọlọ́pàá lọ, wọ́n gbé e fún ọ, ìwọ rò pé wọ́n fún ọ ní oyè. Owó wọn ni wọ́n ń ṣọ́, Mukáílà. Ìwọ ni wọ́n fi ṣe ajá. Sọ fún wọn pé o ò ní gbé owó sùn nílé mọ́, kí olè má ní ìdí láti mọ ọ̀nà ilé rẹ. Tí wọ́n bá ní àfi kí o gbé e sùn, iṣẹ́ ò tán ní Ìlọrin.

Sìdíkátù gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́. Bàbá rẹ náà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ó fi ọ̀pọ̀ nǹkan pamọ́ fún mi nínú ilé tí èmi ń gbálẹ̀ ẹ̀. Ìyàwó rẹ ló ń bá ọmọ jókòó láti àárọ̀ tí o bá ti jáde. Òun ló yẹ kó mọ ohun tó wà lórí ògiri àti ohun tó lè ṣe. Kó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún ọ pé, "Mi ò fẹ́ ẹ nílé yìí," kí o dáhùn bí ọmọlúàbí, kì í ṣe bíi máníjà.

Ó ku ohun kan, ó sì ti ń rẹ̀ mí, àwọn ará yàrá ní kí n pa iná.

Mo ra háláwà, mídinmídìn wọn ibí, èyí tó ní ẹ̀pà nínú. Mo ti fi sínú séèfù náà, mo sì ti tì í. Tí bíríkìlà bá ti so ó mọ́ ògiri tán, yí títẹ̀ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n má gbé ìbọn sí i o. Fi háláwà sílẹ̀ níbẹ̀ fún oṣù kan. Pe Rófíátù, gbé e sókè kó rí i, sọ òtítọ́ fún un: "Háláwà rẹ wà nínú ibí, Ìyá Jẹ́dà ló fi ránṣẹ́ sí ọ." Kó fẹ́ ẹ. Kó fẹ́ ẹ débi pé kó máa lá a lójú oorun. Kó gun àga, kó wo ọwọ́ rẹ, kó bẹ ìyá rẹ̀, kó tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó bá lè tẹ̀. Má lé e, má kìlọ̀ fún un, má ràn án lọ́wọ́. Ìwọ ṣáà máa ṣí i lójoojúmọ́ kí o sì máa tì í bí ìgbà tí ìbọn bá wà níbẹ̀. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè ṣe nítorí ìbọn, á ṣe é ní ìlọ́po mẹ́wàá nítorí háláwà.

Tí oṣù bá pé tó ṣì wà níbẹ̀, kó o fún un, kó jẹ ẹ́ tán níwájú rẹ, kí o wá lọ gbé ìbọn rẹ lọ́fíìsì.

Ṣùgbọ́n tí o bá dé lọ́jọ́ kan tí o bá ẹnu ọmọ náà tó ń dán, tí séèfù ṣófo, má nà án. Má bi í bó ṣe ṣe é. Dá ìbọn padà fún àwọn tó fún ọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí o dé ilé, kí o forí kanlẹ̀, kí o dúpẹ́ pé háláwà ló bá níbẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ ní Karantínà.